Láti ọjọ́ méjì sí ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀: bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré ṣe lè fi ọjọ́ kún un láì pa ẹsẹ̀ lára

Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ni eré sísá máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ní Ìlọrin níbí. Wọ́n ti ń sá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ti ń mọ́ wọn lára, wọn kì í mí hẹlẹ hẹlẹ mọ́ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ni wọ́n bá jí lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni àwọn óò máa sá a báyìí. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ojúgun ti ń ta wọ́n. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń tiro lọ síbi iṣẹ́, bàtà ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ ṣe ni kó mú yín láti ọjọ́ méjì dé ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta ààbọ̀, kí ẹsẹ̀ yín sì wà ní pípé. Ètò rẹ̀ kò ṣòro: ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ kún un, lẹ́yìn náà ni ìṣẹ́jú, ìyára ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà.

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń mọ eré. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ óò rí i pé èémí yín ti gùn sí i. Eegun kò yára bẹ́ẹ̀. Tí ẹrù tuntun bá ń bọ́ lé e lórí, ara máa ń kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ kúrò níbi tó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó fi tuntun dí i, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń fọ́ ibi tó sán lára ògiri kó tó tún un mọ. Jíjẹ yẹn ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mímọ rẹ̀ ń gba oṣù. Àárín méjèèjì yìí, nígbà tí èémí ti dára ṣùgbọ́n tí eegun ṣì ń tún ara rẹ̀ ṣe, ni wọ́n ti máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta kún eré lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ẹ máa nílò

Àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti máa sáré lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko láì fo ọ̀kankan, láìsí ìrora tó ń tẹ̀ lé yín wọlé. Bí ẹ bá ń pa rírìn pọ̀ mọ́ sísá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà, ó tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ ṣe é dé ibẹ̀ kí ẹ tó padà wá ka ìyókù.

Bàtà eré kan tó bá yín lẹ́sẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun; òkìríkà dára bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tó wà láàárín ìtẹ̀lẹ̀ àti ara bàtà: ó yẹ kó rọ̀, kó sì padà sípò. Èyí tó bá le gbagidi tàbí tó ń rún wómúwómú lábẹ́ ìka ti gbó, bó ti wù kó mọ́ tó lójú. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Kí àyè tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́kù níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ nínú ooru.

Aago tàbí fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú. Ẹ fi kìlómítà sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá ń ka kìlómítà kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ díje.

Ìwé kékeré kan àti bírò. Ìlà kan lójúmọ́ ti tó: ọjọ́, ìṣẹ́jú, bí ara ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín pẹ̀lú. SS kò gbọdọ̀ fi kún eré rẹ̀ láì bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. AS, tó jẹ́ nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà, lè sáré bí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kó yéé sá eré àsápajúdé nínú oòrùn gangan láì mu omi tó.

Ìpele 1: Ẹ mọ eré wọ́ọ́rọ́wọ́ ní àmọ̀dájú

Gbogbo ètò yìí dúró lórí pé eré yín rọrùn. Bí ẹ bá ń fi gbogbo agbára sáré lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ lè mú un jẹ torí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ẹsẹ̀ fi ń sinmi láàárín wọn. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un, ìsinmi yẹn ti lọ nìyẹn.

Bí a ṣe ń dán an wò: bí ẹ ṣe ń sáré, ẹ máa ki oríkì ìlú yín sókè ketekete. Ọmọ Ìlọrin á ní, "Ìlọrin Àfọ̀njá, Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò." Ọmọ Ọ̀fà á ní, "Ọmọ Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Bí ẹ bá kì í délẹ̀ láì já a lágbede méjì mí, eré náà dára. Bí ó bá jẹ́ "ẹṣin..." hẹẹ, "leégún..." hẹẹ, ẹ dín in kù. Bí ó bá tún ń gé yín, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún sá. Fátíhà tàbí Àdúrà Olúwa náà ṣe é lò. Ohun tó bá ti mọ́ yín lẹ́nu ni.

Ẹ ṣọ́ra: orí òkè ni àwọn èèyàn ti máa ń gbàgbé èyí. Tí ẹ bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ rìn ín. Kò sí ẹni tó ń ka iye ìgbà tí ẹ rìn. Ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbàgbé ni ìgbà tí àwọn ọmọ tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù bá kọjá lára wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ẹ óò mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí bí èémí yín bá padà sípò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ dúró, tó sì dá yín lójú pé ẹ ì bá tún lè sá ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn ká ní wọ́n ní kí ẹ sá a. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, ẹ bọ́ sí ìpele kejì.

Ìpele 2: Ẹ pín ìṣẹ́jú tí ẹ ti ní, ẹ má fi kún un

Ìpele yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí.

Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta ni ẹ ń sáré, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kẹta, 60 yẹn náà ni ẹ máa pín: 25 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 10 lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, 25 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kúrú jù, kó sì rọrùn jù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Kí ni mo fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe? Kí n wọ bàtà, kí n de okùn, kí n jáde lójú àwọn ará àdúgbò, kí n sì padà kí omi tó hó lórí iná? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń kọ́ ẹsẹ̀ yín pé ìsinmi ti kúrú sí ọjọ́ kan, láì gbé ẹrù tuntun kankan lé e. Ó tún ń kọ́ yín láti jáde nílé lọ́jọ́ tí kò wù yín, èyí tó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ètò náà ṣe máa lọ nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2: Ìṣẹ́gun 25, Ọjọ́bọ̀ 10, Àbámẹ́ta 25. Àpapọ̀ 60.
Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4: 25, 15, 25. Àpapọ̀ 65.
Ọ̀sẹ̀ 5: 20, 10, 20. Àpapọ̀ 50. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi díẹ̀ ni. Ẹ má fò ó.
Ọ̀sẹ̀ 6 àti 7: 25, 20, 30. Àpapọ̀ 75.

Níbí ni ọjọ́ kẹrin ti wọlé, ìpín kan náà la sì tún máa pín. Ọjọ́ méje tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kò lè gba ọjọ́ eré mẹ́rin kí méjì má lẹ̀ mọ́ra; bó ti wù kí ẹ tò ó, ibì kan á ti kan ara. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí èyí tó kúrú jù wà lára méjì tó lẹ̀ mọ́ra náà, kí ọjọ́ tó gùn jù sì dá dúró.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 10: Ajé 10, Ìṣẹ́gun 20, Ọjọ́bọ̀ 20, Àbámẹ́ta 25. Àpapọ̀ 75.
Ọ̀sẹ̀ 11: 10, 15, 15, 20. Àpapọ̀ 60.
Ọ̀sẹ̀ 12 sí 14: 15, 20, 20, 30. Àpapọ̀ 85.

Ẹ lè yí orúkọ ọjọ́ padà. Ẹni tó ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún lọ́rùn kò lè sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun á máa sá a títí. Kó máa wo bí ọjà ṣe bọ́ sí. Ẹni tí òde àríyá máa ń gbà ní gbogbo Àbámẹ́ta, kó gbé ọjọ́ gígùn rẹ̀ lọ sí Àìkú ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a kò gbọdọ̀ yí ni àlàfo tó wà láàárín wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Èkíní ni sísan gbèsè. Òjò lé yín wọlé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ wá ní kí ẹ sá ti Ọjọ́bọ̀ mọ́ ti Àbámẹ́ta. Rárá o. Ọjọ́ tó bá bọ́ ti bọ́ nìyẹn. Èkejì ni gbígbára lé ìṣirò. Ẹ lè ti gbọ́ ọ pé bí ẹ kò bá ti fi kún eré yín ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀, nǹkan kan kò ní ṣe yín. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Groningen ní orílẹ̀-èdè Netherlands gbé àbájáde kan jáde lórí èyí. Wọ́n pín àwọn tó lé ní 500 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: apá kan ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, apá kejì gba ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí a sábà máa ń lò. Ní ìhà méjèèjì, nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún ló fara pa. Nítorí náà, iye tí mo kọ sókè yìí, ẹ mú un gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ara bá ní kí ẹ tún ọ̀sẹ̀ kẹta ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ tún un ṣe.

Kí ẹ tó kúrò ní ìlà kan bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ wo ìwé yín. Ṣé gbogbo ọjọ́ tó wà lórí ìlà yẹn ni ẹ sá? Ṣé kò sí ibi tí ẹ kọ "ó ń dùn mí" sí lẹ́ẹ̀mejì léraléra? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa lọ. Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dúró sórí ìlà kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ìpele 3: Ẹ yan àkókò àti ọ̀nà tó máa gba ọjọ́ mẹ́rin

Ọ̀nà tó dára fún ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lè má dára fún ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí ẹ bá ní láti wọ kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti ń sáré, ọjọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn á di ìtàn. Ẹ wá ibì kan tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yín.

Ní Ìlọrin, òpópónà inú GRA àti inú Adéwọlé máa ń dákẹ́ láàárọ̀. Ọ̀nà Táńkẹ́ sí Yunifásítì kò ṣe é bá ṣeré tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fún èèyàn láyè. Ẹ̀yin ará Ọmù-Àrán àti Àjàṣẹ́, títì márosẹ̀ ń dán yín wò torí pé ó tẹ́jú, ṣùgbọ́n àwọn tírélà kì í wo ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ gba ọ̀nà oko tàbí pápá ilé ẹ̀kọ́ tó bá sún mọ́ yín. Òkè Sóbì dùn ún gùn, kò sì yẹ ẹni tó ń fi ọjọ́ kún eré. Sísọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ ń gbo orúnkún ju gígùn rẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá á fi kọjá.

Bí ẹ bá ń sá lẹ́bàá títì, ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Títì máa ń ga láàárín, á sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kí omi lè ṣàn wọ kọ́tà, nítorí náà ẹsẹ̀ kan á máa bọ́ sí ìsàlẹ̀ ju èkejì lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́ẹ̀mẹrin, ìbàdí àti orúnkún á sọ fún yín. Níbi tí kò bá sí ọkọ̀, ẹ bọ́ sí àárín ọ̀nà níbi tó ti tẹ́jú.

Àkókò wá ńkọ́? Lẹ́yìn ìrun Àsùbá ni ó rọrùn jù fún ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin. Ẹ ti jí tẹ́lẹ̀, ìlú sì tutù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún òkùnkùn. Ní oṣù kìíní, ó máa ń tó nǹkan bí aago méje kí oòrùn tó yọ. Ní oṣù kẹfà, ó ti yọ ní bíi aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹ wọ aṣọ funfun tàbí ohun tó ń dán bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i, ẹ má sì fi nǹkan dí etí méjèèjì. Obìnrin tó bá fẹ́ jáde ní ìdájí, kó mú ẹnìkejì dání. Ìyẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú ìgboyà. Ajá àdúgbò pàápàá máa ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì bí ó bá rí èèyàn méjì.

Láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, kí òjò tó máa rọ̀ dáadáa, ooru ìlú yìí kì í ṣe eré. Ẹ parí kó tó di aago mẹ́jọ, bí ẹ bá sì rí i pé ẹ kò lè ki oríkì náà tán mọ́ ní ìwọ̀n ìyára tí ẹ ti ń lò, ẹ dín in kù. Ara ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ láti tu ara rẹ̀ lára, ìyókù ló kù fún ẹsẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ìlú tí ẹ kò rí ìparí òpópónà, ẹ rìn nínú ilé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó má tilẹ̀ dán an wò.

Ìpele 4: Ẹ gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì

Lórí títì, ara ti gbóná, kì í sọ òótọ́. Ẹ bi í láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tó wẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì: ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ ń dùn lẹ́bàá gìgísẹ̀? Ṣé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ le?

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àpótí, kí ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹ fi àtàǹpàkò wá etí eegun ojúgun láti inú, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé kókósẹ̀. Ohun méjì ni ìka yín lè bá pàdé. Ó lè jẹ́ ìrora tó nà gbọọrọ, tó gùn tó ìbú ọwọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì máa ń dín kù bí ẹ bá ti sáré díẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọjọ́ kún eré. Ẹ dín ìṣẹ́jú yín kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó sábà máa ń lọ. Ó sì lè jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀ ju orí ìka lọ, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ óò fa ẹsẹ̀ yọ. Bí ojú kan náà bá tún ń dùn lóru nígbà tí ẹ ò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, tàbí tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré lọ, eegun lè ti máa sán. Ẹ dá eré dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ bá dókítà tàbí onífisiotẹ́rápì, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka fisiotẹ́rápì wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ rántí pé àwòrán X-ray lè má fi irú sísán yìí hàn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́; bí wọ́n bá sọ pé kò sí nǹkan kan tí ojú kan yẹn sì ń dùn síbẹ̀, ẹ má tíì sáré.

Ẹ kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú ojúgun bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e fún ẹni tó máa fi ọwọ́ àti òrí gún un mọ́lẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó fún ẹran ara tó le. Ẹ má lo oògùn ara ríro kí ẹ lè ráyè sáré. Ẹ kàn ń pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín mọ́ ni. Ẹ má sì fi í sá "díẹ̀ láti wò ó".

Ìrora tí ẹ kò ní láti bẹ̀rù: itan tàbí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tó le ní ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà, tó sì ti ń lọ kí ọjọ́ méjì tó pé. Ìyẹn ni ẹran ara tó ń mọ iṣẹ́. Ìrora ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tàbí ti oríkèé, tàbí èyí tó mú yín tiro, ẹ fo ọjọ́ tó kàn.

Ohun kan wà tí ẹ lè fi ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ dúró sórí àtẹ̀gùn kan, kí gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn òde, kí ẹ di ògiri mú. Ẹ gbé ara yín sókè sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà 15, ẹ sinmi, kí ẹ tún ṣe 15. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣe é. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ.

Ìpele yìí ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá lè fò lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láì sí ibi tó ta yín, ní ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Ẹni tí ojúgun rẹ̀ bá ń dùn lójú kan kò gbọdọ̀ dán fífò yìí wò.

Ìpele 5: Oúnjẹ, omi, oorun

N kò ní pẹ́ níbí. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n láàárọ̀, ẹ kò nílò oúnjẹ kankan ṣáájú. Omi ife kan ti tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹun láàárín wákàtí kan sí méjì, kí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí wàrà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín dára ju gbogbo ohun tí wọ́n ń polówó nínú ike lọ.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni èyí: ẹni tó ń fi ọjọ́ kún eré, tó tún ń dín oúnjẹ kù kí ikùn lè tètè lọ, ń gba ohun tí eegun fẹ́ fi tún ara rẹ̀ mọ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó bá rí i pé nǹkan oṣù òun ń fò tàbí ó dúró láti ìgbà tí eré ti pọ̀, tí kì í ṣe oyún, kó dá fífi kún un dúró, kó jẹun dáadáa, kó sì lọ rí dókítà. Bí oorun yín bá ti kéré sí wákàtí mẹ́fà fún òru méjì tẹ̀ léra, ẹ sọ eré ọjọ́ kejì di ìrìn.

Ìpele 6: Bí nǹkan bá dí yín lọ́wọ́

Ibà. Bí ara bá ń gbóná, ẹ kò gbọdọ̀ sáré rárá, ìṣẹ́jú márùn-ún pàápàá. Ó lè kó bá ọkàn. Ẹ lo oògùn yín tán, kí ara tutù, kí oúnjẹ máa wọlé, kí ẹ tún dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìrìn bẹ̀rẹ̀.

Ààwẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní ìlú yìí ló máa ń pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ nínú oṣù Ràmàdáánì, nítorí pé wọ́n dá a dúró pátápátá, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dúró lọ́jọ́ kejì Ìtúnu. Ẹ má fi kún un nínú ààwẹ̀. Ẹ padà sí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí a tó ṣínu, kí omi lè wà nítòsí, tàbí lẹ́yìn àṣàmù bí ara bá gbé e. Sísá lẹ́yìn sààrì á mú kí òùngbẹ gbẹ yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ jókòó, kí ẹ sì ṣínu.

Ìrìn àjò, ìdánwò, òkú sísin. Bí ẹ kò bá sáré fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa bá a lọ níbi tí ẹ dé. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ padà sẹ́yìn ìlà méjì nínú ètò òkè yìí. Bí ó bá ti kọjá oṣù kan, ẹ padà sí ọjọ́ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó fi ọjọ́ kẹta kún un.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ sísáré. Ẹgbẹ́ dára, ó ń mú èèyàn jáde nílé. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ń sá bá jẹ́ ọjọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín, ẹ bá wọn sá mẹ́wàá, kí ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá

Bí ọjọ́ mẹ́rin bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ìrora, ẹ lè mú ìyára díẹ̀ wọ̀ ọ́. Ní ìparí eré Ọjọ́bọ̀ nìkan, ẹ sá eré tó yá fún 20 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ yọ ìṣẹ́jú márùn-ún kúrò nínú eré wọ́ọ́rọ́wọ́ ọjọ́ náà kí ẹrù má baà fò sókè.

Ọjọ́ karùn-ún ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 75 sí 150 eré ìdárayá tó lágbára lọ́sẹ̀. 85 tí ẹ ní yìí ti wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, nítorí pé ó wù yín nìkan ni ẹ fi máa fi ọjọ́ karùn-ún kún un. Bí ó bá sì wù yín, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́rin pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ wá tún pín 85 náà sí márùn-ún.